Fọ́tò Àtijọ́ Lè Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Bàálù Ogun Tí Ó Já Mọ̀

Ó dá mi lójú pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé tí kò ní àpótí kan tí fọ́tò àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà, yóò wà lókè àjà, tàbí nínú àpò kan tí a so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà ìkómọ tàbí nígbà fídáù ni a máa ń tú u jáde. A ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi yóò bọ́ lójú wa díẹ̀, a ó sì tún dì í padà.

Ní agbo ilé tiwa, fọ́tò kan wà tí ó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́jà, wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ohunkóhun ju "1944" tí a fi pẹ́ńsùlù kọ. Ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé ọ̀kan nínú wọn ni àbúrò bàbá bàbá mi, tí ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Hítílà, tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà, tí kò sì padà wálé. Ẹnì kejì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ ìlú mìíràn, tí wọ́n jọ wọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n èwo ni èwo? Ìyá wa àgbà mọ̀ ọ́n, ìyá wa àgbà sì ti jáde láyé láìsí ẹnì kan tí ó bi í léèrè. Ní ọjọ́ kan, ọmọ mi obìnrin mú fọ́tò náà dání, ó ní, "Bàbá mi, èwo nínú wọn ni bàbá wa tí ó lọ sójú ogun?" Mo wò ó títí, n kò rí èsì fún un.

Ìtìjú ìbéèrè yẹn ni ó sún mi dé ìdí ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Àwọn kan wà láyé tí ó jẹ́ pé irú ìbéèrè tí ọmọ mi bi mí yìí ni wọ́n ń wá ìdáhùn sí. Fọ́tò tiwọn kì í ṣe ti ènìyàn méjì tí ó ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò bàálù ogun tí ó já ni. Wọn yóò wò ó, wọn yóò sì sọ pé: bàálù báyìí ni, ọjọ́ báyìí ni ó já, lágbájá ni ó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ awo, kì í sì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ojú tí ó mọ nǹkan wò ni, àti ìwé tí a kọ dáadáa.

BÍ FỌ́TÒ NÁÀ ṢE WÀ

Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1939 sí 1945, bàálù jà ju ti ogun èyíkéyìí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Wọ́n ń já sí oko, wọ́n ń já sínú igbó, sínú òkun, sórí òkè àti sínú aṣálẹ̀. Bí ọ̀kan bá já sí ẹ̀bá abúlé, tọmọdé tàgbà ni yóò sáré lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà Jámánì ni ó mú kámẹ́rà kékeré dání lọ sójú ogun. Bí wọ́n bá rí bàálù ọ̀tá lórí ilẹ̀, wọn yóò dúró sórí apá rẹ̀, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ìyàwó àti òbí wọn. Ní Ìlú Ọba náà, nígbà ìjà òfuurufú ọdún 1940, àwọn ìwé ìròyìn kò jẹ́ kí bàálù Jámánì já kí wọ́n má ya á.

Lẹ́yìn ogun, àwọn fọ́tò wọ̀nyí wọ inú àpótí. Àwọn tí ó yà wọ́n dàgbà, wọ́n kú. Ọmọ-ọmọ wọn wá ṣí àpótí náà, ó rí bàálù tí ó fọ́, kò mọ ibi tí ó jẹ́, kò mọ ọdún tí ó jẹ́, kò sì mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Irin tí ó ti fọ́, kí ni a fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?" Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti irin. Ọmọ ẹnì kan ni ó wà nínú irin náà. Ní Runnymede, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìrántí kan wà tí Ọbabìnrin Elizabeth ṣí ní 1953. Orúkọ àwọn ọmọ ogun òfuurufú tí ó wà lára ògiri rẹ̀ ju 20,000 lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní sàréè tí a mọ̀. Ti Amẹ́ríkà, nínú ogun kan náà, lórí ilẹ̀, lórí òkun àti ní òfuurufú, àwọn tí a kò rí òkú wọn mú wálé tàbí dá mọ̀ ju 70,000 lọ.

Ẹ ro ti ìyá tí a kọ ìwé ránṣẹ́ sí pé a kò rí ọmọ rẹ̀ mọ́. Ìwé náà kò sọ pé ó kú, kò sọ pé ó yè. Kò lè sin ín, kò sì lè ṣíwọ́ àtimáa retí rẹ̀. Bí ajá bá gbó lóru, yóò dìde. Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Ẹni tí ó bá lè wo fọ́tò kan kí ó sọ ibi tí bàálù náà já sí, ó ti fún ilé náà ní ibi tí wọn yóò kọjú sí.

OHUN TÍ WỌ́N Ń WÒ

Ẹ jẹ́ kí á mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìrísí. Ẹ́ńjìnì mélòó ni ó ní? Báwo ni apá rẹ̀ ti rí? Ìrù rẹ̀ ńkọ́? Spitfire ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá rẹ̀ tẹ̀ roboto bí ewé. Messerschmitt 109 tí àwọn ará Jámánì ń lò ní 1940, ṣóńṣó apá rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Lancaster ti Gẹ̀ẹ́sì àti Liberator ti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ní, ìrù àwọn méjèèjì sì pín sí méjì lókè. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò pè wọ́n ní ìbejì. Ṣùgbọ́n táyà kékeré ti Liberator wà lábẹ́ imú, ti Lancaster wà lábẹ́ ìrù. Bí fọ́tò bá fi apá kan ṣoṣo hàn, tàbí ìdajì ìrù, ẹni tí ó mọṣẹ́ lè fi ìyẹn nìkan mọ irú bàálù tí ó jẹ́.

Ohun kejì ni àmì orílẹ̀-èdè. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ òbìrìkìtì aláwọ̀ búlúù, funfun àti pupa. Ti Jámánì jẹ́ àgbélébùú dúdú. Ti Japan jẹ́ òòrùn pupa roboto. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìràwọ̀ funfun, ìràwọ̀ yìí sì ń sọ ọdún fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 1942, ojú pupa kékeré kan wà láàárín rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún òòrùn ti Japan. Ní ìparí oṣù kẹfà 1943, wọ́n fi ọ̀pá funfun kan sí ọ̀tún ìràwọ̀ náà, òmíràn sí òsì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fọ́tò tí ìràwọ̀ rẹ̀ ní ọ̀pá méjèèjì, tí wọ́n sì kọ "1942" sẹ́yìn rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ ṣì í kọ.

Ohun kẹta ni lẹ́tà ńláńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà méjì dúró fún ẹgbẹ́ tí bàálù náà wà, lẹ́tà kan sì dúró fún bàálù náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtumọ̀ ilà ojú yóò tètè yé. Bí a bá rí ẹni tí ó kọ pélé, tàbí gọ̀ǹbọ́, tàbí àbàjà, ọkàn wa yóò lọ sí ìdílé àti ìlú tí ó ti lè wá, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà méjì yẹn rí.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan tí ó kàn wá. Ẹgbẹ́ 91 nínú àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, DL ni lẹ́tà tirẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi kún nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà ni "Nigeria", nítorí owó tí àwọn ará ilẹ̀ wa dá láti fi ran ogun náà lọ́wọ́. Ní 1942, Spitfire kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ DL-Z, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ AB216. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni "Nigeria Oyo Province". Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà, inú ẹkùn ìjọba Ọ̀yọ́ kan náà ni gbogbo yín wà nígbà náà. Orúkọ yín fò lókè òkun Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì gbọ́ ọ rí.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà nìkan kò tó. Bí bàálù kan bá já lónìí, wọ́n lè fi lẹ́tà rẹ̀ sára tuntun tí ó bá rọ́pò rẹ̀ lọ́la, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi orúkọ bàbá àgbà sọ ọmọ tuntun. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ohun kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn nọ́ńbà. Nọ́ńbà bàálù kan kì í sábà jẹ́ ti òmíràn tí ó jẹ́ irú kan náà. Ti Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà méjì àti òǹkà mẹ́ta, nítòsí ìrù. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n bèèrè fún bàálù náà. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 41-24301, ohun tí a ó rí lára ìrù ni 124301, wọ́n ti yọ òǹkà àkọ́kọ́ kúrò. Ti Jámánì jẹ́ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, ó sì máa ń kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a óò fi dígí tí ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ní 5 oṣù kẹsàn-án 1940, Messerschmitt kan já sí oko kan ní Marden ní ẹkùn Kent. Wọ́n ya á ní fọ́tò púpọ̀. Nọ́ńbà 1480 tí ó ní ni ó so ó mọ́ Franz von Werra, ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú ogun, tí ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Kánádà ní 1941, tí ó sì padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún kan náà, bàálù mìíràn tí ó ń wà já sínú òkun nítòsí ilẹ̀ Họ́láńdì, wọn kò sì rí òkú rẹ̀.

Ohun karùn-ún ni ibi tí bàálù náà wà. Ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò wo bàálù nìkan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò wo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkè wo nìyẹn? Ilé ìjọsìn wo ni òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó lọ́ọ̀ọ́kán? Ṣé yìnyín ni ó wà nílẹ̀, àbí ọkà tí ó ti gbó? Òjìji gùn, àbí ó kúrú? Bàálù ń pòórá, igi ń wó, ṣùgbọ́n òkè kì í ṣí nípò. Àwọn kan ti mú fọ́tò àtijọ́ dání lọ dúró sí oko tí ó ti di ọ̀nà títì, wọ́n ń wo òkè inú fọ́tò, wọ́n ń wo òkè iwájú wọn, títí méjèèjì fi bára mu.

OHUN TÍ Ó LÈ TÀN WỌ́N

Ẹ má ṣe rò pé fọ́tò kì í purọ́. Bí wọ́n bá gbé fíìmù sódì nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀tún yóò di òsì, lẹ́tà yóò sì kọjú sódì bí ẹni pé inú dígí ni a ti ń wò ó. Irú fíìmù kan wà láyé àtijọ́ tí ó ń sọ pupa àti ìyeyè di dúdú, tí ó sì ń sọ búlúù di funfun. Ẹni tí kò mọ èyí yóò pe àwọ̀ bàálù ní ohun tí kì í ṣe. Nígbà ogun, àwọn aláṣẹ a máa ha nọ́ńbà kúrò lójú fọ́tò kí ìwé ìròyìn tó gbé e jáde, kí ọ̀tá má baà rí i. Ohun tí a kọ sẹ́yìn fọ́tò náà sì lè jẹ́ ìrántí ẹni tí ó ti gbàgbé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ti wo gbogbo rẹ̀ tán, inú ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń parí rẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí: bàálù tí ó jáde, ẹni tí ó wà á, èyí tí ó padà àti èyí tí kò padà. Púpọ̀ nínú ìwé yìí wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Jámánì náà kọ tiwọn. Bí fọ́tò àti ìwé bá sọ ohun kan náà, ó di òtítọ́. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, iṣẹ́ kò tíì parí.

ÌKAN NÍ AṢÁLẸ̀ ÍJÍBÍTÌ

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí ọgbọ́n yìí ti ṣiṣẹ́ lórí bàálù méjì, ní ilẹ̀ Íjíbítì àti ní Líbíà.

Ilẹ̀ wa lọ́wọ́ nínú ogun ibẹ̀ ju bí àwọn ọmọ wa ti mọ̀ lọ. Láti oṣù kẹsàn-án 1940, ọkọ̀ ojú omi ń kó bàálù wá sí Takoradi ní Gólìkóòsì, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà báyìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀. Wọn yóò fò gba Èkó, Kánò àti Maiduguri, wọn yóò dé Khartoum, títí dé Káírò, ìrìn tí ó ju 3,500 máìlì lọ. Bàálù tí ó gba ọ̀nà yìí ju 5,000 lọ. Àwọn ará Èkó tí ó ń gbójú sókè wò wọ́n kò lè mọ inú yanrìn tí òmíràn nínú wọn yóò sùn sí.

Ní 28 oṣù kẹfà 1942, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Dennis Copping, ọmọ ọdún 24, ń wa bàálù Kittyhawk kan lọ sí ibi tí wọn yóò ti tún un ṣe. Inú ẹgbẹ́ 260 ni ó wà. Ẹsẹ̀ tí bàálù náà fi ń balẹ̀ ni ó bàjẹ́. Bàálù mìíràn ń bá a rìn. Ẹni tí ó wà nínú ìkejì yìí rí i pé Copping ti ń ṣìnà, ó ń ṣe àmì sí i pé kí ó yà, ṣùgbọ́n Copping ń lọ ní tirẹ̀. Wọn kò tún fojú kàn án mọ́.

Ó di 70 ọdún lẹ́yìn náà. Ní 2012, ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì kan, Jakub Perka, tí ó wà lára àwọn tí ń wá epo rọ̀bì, ṣe kòńgẹ́ bàálù kan láàárín aṣálẹ̀, ní nǹkan bí 200 máìlì sí ìlú tí ó súnmọ́ ibẹ̀ jù. Ó ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò tuntun ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi kà á kò yàtọ̀ sí ti fọ́tò àtijọ́. Ìrísí sọ pé Kittyhawk ni. Nọ́ńbà sọ pé ET574 ni. Wọ́n gbé ET574 lọ sínú ìwé, ìwé sì dáhùn pé: Copping.

Fọ́tò náà kò dákẹ́ síbẹ̀. Bàálù náà kò jóná. Agboòrùn tí awakọ̀ fi ń bọ́ láti òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ohun tí a ta fún ibòji. Rédíò àti bátìrì rẹ̀, wọ́n ti yọ wọ́n jáde. Òkú kì í ta aṣọ fún ibòji, òkú kì í sì í yọ rédíò. Ó hàn gbangba pé Copping yè nígbà tí bàálù rẹ̀ balẹ̀, pé ó jókòó lábẹ́ aṣọ yẹn, pé ó gbìyànjú láti pe àwọn ènìyàn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jọ pé ó dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú yanrìn. Wọ́n wá òkú rẹ̀, wọn kò rí i. Wọ́n gbé bàálù náà lọ sí ilé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní El Alamein. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí ara rẹ̀ sin, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ibi tí ó gbẹ́yìn sí, wọ́n sì ti mọ̀ pé ó jìjàdù fún ẹ̀mí rẹ̀.

ÌKEJÌ NÍ LÍBÍÀ

Ti kejì yìí, ìwé ni ó ṣìnà, fọ́tò àti irin ni ó tún un ṣe. Ní 4 oṣù kẹrin 1943, Liberator kan ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ "Lady Be Good" sí imú rẹ̀, gbéra láti Soluch nítòsí Benghazi, láti lọ ju bọ́ǹbù sí Naples ní Ítálì. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Òru ni wọ́n ń padà bọ̀. Wọ́n fò kọjá ibùdó wọn láìmọ̀, wọ́n rò pé orí òkun ni àwọn ṣì wà. Nígbà tí epo ń tán lọ, wọ́n fi agboòrùn bọ́ sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Orí yanrìn ni ẹsẹ̀ wọn bà. Bàálù náà dá fò lọ díẹ̀ sí i kí ó tó balẹ̀, ní nǹkan bí 440 máìlì sí Soluch.

Àwọn tí ó wá wọn, òkun ni wọ́n wá sí. Ìdílé mẹ́sàn-án gbà pé omi ni ó gbé ọmọ wọn lọ.

Ní 1958, àwọn tí ń wá epo rí bàálù kan nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fò kọjá. Ní 1959, àwọn ènìyàn dé ìdí rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya á ní fọ́tò. Àwọn fọ́tò náà ṣì wà: bàálù já sí méjì, ìràwọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, orúkọ ṣì wà ní imú rẹ̀. Nọ́ńbà 41-24301 ni. Ìwé ní inú òkun ni ó wà, yanrìn ní, "Ọwọ́ mi ni ó wà."

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n wá àwọn ọkùnrin náà. Nínú ọdún 1960, wọ́n rí òkú mẹ́jọ. Márùn-ún wà pọ̀ lójú kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti rin nǹkan bí 80 máìlì nínú oòrùn. Ìgò omi kan ṣoṣo ni wọ́n jọ pín. Robert Toner, igbákejì awakọ̀, ń kọ ohun tí ojú wọn ń rí sínú ìwé kékeré kan lójoojúmọ́. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ni ó kọ ọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹnì kẹsàn-án, Vernon Moore, ni wọn kò rí. Ìdílé mẹ́jọ rí ọmọ wọn sin lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún.

FỌ́TÒ TI ILÉ WA

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, lẹ́yìn tí mo ti ka gbogbo ìtàn yìí, mo padà sí ìdí àpótí wa. Mo mú fọ́tò àwọn ṣọ́jà méjì náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo yá dígí tí ń mú nǹkan tóbi lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tún aago ṣe ní àdúgbò wa. Ẹ̀rín wọn ni mo ti máa ń wò tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ni mo wò. Èyí tí ó wà lápá òsì, ilà kéékèèké mẹ́ta ni ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lóòró: pélé ni. Èyí tí ó wà lápá ọ̀tún, ilà tirẹ̀ gùn, ó tẹ̀ wá láti ẹ̀bá orí dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu: gọ̀ǹbọ́ ni.

Mo tọ ìyá kan lọ, ẹni tí ó dàgbà jù nínú ìdílé wa báyìí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilà wo ni wọ́n ń kọ fún àwọn ọmọkùnrin ilé wa láyé àtijọ́?"

Wọ́n ní, "Pélé ni. Ilé wa kì í kọ gọ̀ǹbọ́. Kí ló dé tí o fi ń bèèrè?"

Mo fi fọ́tò náà hàn wọ́n. Wọ́n mú un súnmọ́ ojú, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ní ni pé, "Ó jọ bàbá rẹ."

Mo fi pẹ́ńsùlù tí ó rọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò náà: ti òsì ni, ó kọ pélé, ó lọ sí Bọ́mà, kò padà wálé. Mo kọ orúkọ ìyá tí ó jẹ́rìí sí i. Ọmọ mi obìnrin ni ó di pẹ́ńsùlù kejì mú, òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ti àwọn fọ́tò yòókù bí mo ti ń sọ fún un.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò ju èyí lọ. Ẹ gbé àpótí yín sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà. Ẹ bi wọ́n léèrè láti òsì sí ọ̀tún: ta nìyí, níbo nìyí, ọdún wo ni, àríyá kí ni. Ẹ má ṣe fi báírò kọ ọ́, nítorí yóò tẹ ojú fọ́tò jáde. Ẹ má ṣe gé etí rẹ̀ kúrò kí ó lè bá férémù mu, nítorí ohun tí ó wà létí lè jẹ́ ohun tí a ó fi mọ ibẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi nù ún. Bí ẹ bá fi fóònù ya á, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀dà inú fóònù tí kò ní orúkọ, fọ́tò tí kò ní orúkọ náà ni.

Ó ku ohun kan. Ẹni tí ó wà lápá ọ̀tún, tí ó kọ gọ̀ǹbọ́, tí ó fi ọwọ́ kọ́ bàbá wa lọ́rùn ní 1944, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà fọ́tò kan náà wà nínú àpótí ilé kan, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ máa wo èyí tí ó wà lápá òsì, kí wọ́n máa bi ara wọn pé, "Ta ni eléyìí?" Mo ti fi ààyè sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò náà.